Ajá Tí Mo Fọ̀ Lẹ́ẹ̀méje

Ìbọn Bàbá dún, pẹ́pẹ́yẹ igbó kan já bọ́ sínú odò Patuxent, ajá rẹ̀ sì bẹ́ sómi. Yìnyín tín-ín-rín ń fọ́ níwájú àyà rẹ̀. Ó gbé pẹ́pẹ́yẹ náà sẹ́nu, ó yí padà, ṣùgbọ́n kò yára bó ṣe máa ń yára. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń léfòó ti ń rì.

“Kí ló ń ṣe ajá yìí?” Bàbá ní.

Èmi mọ̀.

Aládùúgbò wa ní Clinton, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ni Bàbá, ará Ọ̀yọ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú màlúù ní oko ìwádìí ìjọba ní Beltsville. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí màmá mi bá wà níbi iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní National Harbor, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wà. Ajá Chesapeake, irú tí wọ́n fi ń ṣọdẹ lójú omi, ló ń sìn. Wọ́n ní ọmọ ajá méjì tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń rì ni ìran wọn ti ṣẹ̀, ó ti lé ní igba ọdún. Ẹyinjú wọn ní àwọ̀ oyin. Awọ so ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn pọ̀. Irun wọn jẹ́ ìpele méjì, tòkè le, tìsàlẹ̀ fẹ́lẹ́ bí òwú. Òróró inú irun náà ni kì í jẹ́ kómi kan ara wọn. Òun náà ló ń rùn.

Nígbà yẹn, òórùn nìkan ni mo mọ̀. Wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-kéwú pé abọ́ tí ajá bá lá, ká fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje. Mo fẹ́ràn ajá náà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé màmá mi á kà á léèwọ̀ fún mi nítorí aṣọ tí mo fi ń kírun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Bàbá ń sùn lọ́sàn-án, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́ nínú gáréèjì, ẹ̀ẹ̀méje géérégé.

“Mo fọ̀ ọ́ lánàá, sà,” mo ní létí odò náà.

“O fọ kí ni?”

“Ajá. Mo fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀méje.”

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó sì rìn wọ odò títí omi fi dé igbáyà rẹ̀, tó ń ṣàn wọnú ṣòkòtò rọ́bà rẹ̀. Orí ajá náà rì. Ó yọ. Pẹ́pẹ́yẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tún rì, Bàbá sì na ọwọ́, ó dì í mú lọ́rùn.

Nínú mọ́tò, pẹ̀lú ooru tó ń fẹ́ sí wa, Bàbá bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi ń nu ajá náà. Eyín òun fúnra rẹ̀ ń gbá ara wọn.

“Abọ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fọ̀. Ṣé abọ́ nìyí?”

Mo bú sẹ́kún.

“Gbẹ́nu dákẹ́, kó o wá bá mi ra á láyà.”

Mo ra á títí ó fi gbórí sókè. Bàbá kò lọ sọ́dẹ mọ́ lọ́dún yẹn, kò sì sọ fún màmá mi.

Bàbá ti kú báyìí. Gbogbo ohun tí mo bá rí nípa irú ajá yìí ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n ohun tó dúró tì mí jù ni pé ó kọ́kọ́ wọ odò ná kó tó bá mi wí. Bí ọmọ mi bá wá jẹ́wọ́ nǹkan fún mi, tí inú sì ń bí mi, mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi tí odò náà wà, ohun tó yẹ kí n gbà là kí n tó bá a wí.