Bàtà fún Ẹsẹ̀ Tí Kò Dọ́gba

Nígbà tí Munirah Sàlíhù sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ìdásílẹ̀ òwò ni òun fẹ́ kà ní yunifásítì, bàbá náà gbé pákó tó ń fá sílẹ̀, ó sì wò ó bíi pé kò gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Káfíńtà ni, Ìdí-Oró ní Múṣin ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

"Òwò?" ló wí. "Òkìrìkà ni ìyá rẹ ń tà ní Òjúwòyè títí dòní, kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń nájà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn kan ń ka ìwé òfin. Ìwọ wá fẹ́ lọ jókòó ní yunifásítì torí ọjà títà."

"Bàbá, kì í ṣe ọjà títà nìkan. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò ní kú mọ́ni lọ́wọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní àdúgbò yìí nígbà tí mo wà ní pírámárì, mélòó ló ṣì ń ṣí?"

Bàbá rẹ̀ tún gbé pákó rẹ̀, ó ń fá a. Òun náà ti ti ṣọ́ọ̀bù pa rí, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Nígbà tí wọ́n gba Munirah wọlé, ó bá a lọ dé ẹnu géètì yunifásítì náà ní Yábàá, ó ṣàdúà fún un, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsọ pé inú òun dùn sí i.

Ìdí kan wà tí Munirah fi yan ẹ̀kọ́ náà, tí kò sọ fún un. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀kadà kan gbá a níwájú ilé-ìwé, eegun itan òsì rẹ̀ sì dá. Ó jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò bá ti ọ̀tún dàgbà mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ ti òsì rẹ̀ nípọn, dúdú, tó sì wúwo bí òkúta. Òun ló ń wọ̀ lọ sílé-ìwé, òun náà ló ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ìyá rẹ̀ máa ń rán síkẹ́ẹ̀tì gígùn fún un kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, síbẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é ní Munirah Oníbàtà. Ó ti pẹ́ tó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun máa ṣe irú bàtà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí yóò fúyẹ́, tí yóò sì lẹ́wà. Kò kàn mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ní ọdún kẹta rẹ̀ ní yunifásítì, olùkọ́ wọn kan, Dókítà Adéníran, ní kí wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá òwò gidi sílẹ̀ kí sáà tó parí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. "Ẹ má kọ nǹkan kan wá fún mi kí ẹ tó bá àwọn tí ẹ fẹ́ tà á fún sọ̀rọ̀," ló sọ fún wọn.

Taoheed àti Caroline ni ẹgbẹ́ Munirah. Taoheed fẹ́ kí wọ́n máa gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Sùúrùlérè. Caroline, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ télọ̀, ń ronú lórí lọ́fínńdà. Munirah gbọ́ tiwọn tán, ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lé orí bẹ́ǹṣì, ó sì fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè díẹ̀. Kò tíì fi ẹsẹ̀ yẹn han ẹnikẹ́ni rí fúnra rẹ̀.

"Bàtà yìí ni mo fẹ́ ká ṣe," ló wí. "Àmọ́ kì í ṣe bó ṣe rí yìí."

Caroline bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e wò. "Ó mà wúwo o."

"Mo ti ń gbé e láti pírámárì."

Taoheed ní ojú ń ti òun láti sọ pé òun ò gbà, nítorí náà òun gbà.

Wọ́n lọ dúró nítòsí ilé-ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì lọ́jọ́ tí àwọn aláìsàn ń wá rí dókítà. Àwọn kan rò pé wọ́n fẹ́ wàásù ni, wọ́n yà fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ Glory, ọmọdébìnrin tó ń múra láti wọ girama, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kúrú láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

"Ẹsẹ̀ náà kì í dùn ún," ni Màmá Glory sọ. "Bàtà yẹn ló ń dùn ún. Tó bá di àárọ̀, ẹkún ló máa ń sun kó tó wọ̀ ọ́."

Munirah jókòó ti ọmọ náà, ó sì na ẹsẹ̀ tirẹ̀ síta.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà?" ni Glory béèrè.

"Èmi náà. Irú èwo lo máa fẹ́? Ṣé pupa ni?"

Glory mi orí. "Búráùn. Sáńdà bíi ti àwọn ọmọ kíláàsì mi. Tí ẹni tó bá wò ó kò ní mọ̀."

Wọ́n ra sáńdà ilé-ìwé kan, wọ́n gé rọ́bà fífúyẹ́, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra wọn lábẹ́ ti ẹsẹ̀ tó kúrú, wọ́n sì kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní búráùn. Ó rẹwà. Nígbà tí Glory wọ̀ ọ́, ńṣe ló ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀, tí ìyá rẹ̀ ń nu ojú. Munirah rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Kò pẹ́ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe tò sórí ilẹ̀ tútù ní ilé-ìwé Glory, gọ́ọ̀mù yẹn jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Rọ́bà yọ kúrò lábẹ́ bàtà, Glory ṣubú níwájú gbogbo ọmọ ilé-ìwé, àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí gbogbo ayé ń wò ó.

Ìyá rẹ̀ wá bá wọn ní Yábàá. Kò pariwo. Ó kó bàtà náà sílẹ̀ níwájú Munirah.

"Ẹ ti fi ọmọ mi ṣe ìdánwò yín," ló wí. "Mo lérò pé ẹ yege."

Munirah kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti yí padà, ó ń lọ.

"Jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ni Taoheed sọ nígbà tó lọ tán. "Àyè oúnjẹ yẹn ṣì wà. A ò tíì pẹ́ jù."

"Tí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, a jẹ́ pé irọ́ la pa fún ọmọ yẹn."

"Èmi ò lè fi máàkì mi ṣeré, Munirah."

Taoheed bọ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Munirah kò bá a jà, nítorí ó mọ̀ pé kò parọ́. Caroline dúró.

Àwọn méjèèjì lọ ròyìn fún Dókítà Adéníran. Ó gbọ́ ọ tán, kò rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

"Ta ló kọ́kọ́ wọ bàtà náà kí ẹ tó gbé e fún ọmọ yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́, sà."

"Kí lẹ mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà náà?"

Munirah ronú. "Pé ó rẹwà, sà."

"Ó dáa. Ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ wà. Ẹ lọ ṣe é."

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi láàárín sáà, Munirah lọ bá aránbàtà kan ní Múṣin tó ń jẹ́ Abdulfatai, tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń kírun ní mọ́sálááṣí kan náà. Abdulfatai wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó wo ojú rẹ̀.

"Iṣẹ́ yìí máa ń ba ọwọ́ jẹ́," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sún àpótí kan fún un. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Munirah ti mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ha ojú rọ́bà kó tó fi gọ́ọ̀mù sí i, àti pé gọ́ọ̀mù nìkan kò tó, èèyàn ní láti rán an yípo. Ìka rẹ̀ bó, ó tún le. Ṣùgbọ́n Abdulfatai náà kò ṣe bàtà tó ga tó sì fúyẹ́ rí. Àwọn méjèèjì jọ ń wá bí wọn yóò ṣe ṣe é ni. Munirah ní kí wọ́n gbẹ́ inú rọ́bà náà kó lè fúyẹ́, Abdulfatai ní yóò tẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ, ó sì tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kó ègé igi fífúyẹ́ kan sínú rẹ̀, èyí sì dúró.

Ó ku ẹsẹ̀ onígi, ìyẹn igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀ èèyàn, tí aránbàtà máa ń fi awọ wé kí bàtà lè jókòó dáadáa. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, méjèèjì dọ́gba. Munirah lọ bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà.

"Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbẹ́ ẹsẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Tèmi ni."

Bàbá náà ní kó jókòó sórí pákó, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì náà lé itan ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbé e kúrò ní ilé-ìwòsàn lọ́mọdé, kò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà mọ́. Ó wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé ó ṣì ń dùn ún.

"Torí èyí lo ṣe lọ ka ìwé òwò," ló wí, kì í ṣe ìbéèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Munirah wọ bàtà tuntun náà láti Ìdí-Oró dé Yábàá, ní gbogbo ìgbà òjò. Kò yẹ̀ fún omi, inú ọ̀gbàrá ló ń gbà kọjá. Àkọ́kọ́ la ẹnu, ó tú u, ó tún un rán. Èyí tó ṣe tẹ̀ lé e kò la.

Ó wá gbéra, ó lọ sílé Màmá Glory ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Obìnrin náà kò ṣílẹ̀kùn. Munirah padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá a níwájú ilé, tó ń sá aṣọ.

"Mà, mi ò wá tọrọ pé kí Glory wọ nǹkan kan. Ẹ kàn fún mi ní omi nínú bàsíà, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà wò ó, ó sì fi ẹsẹ̀ ti bàsíà omi ìfọṣọ sí i. Munirah bọ́ bàtà tó wọ̀ wá lẹ́sẹ̀, ó rì í sínú omi náà, ó wá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń bá a sá aṣọ. Nígbà tí aṣọ tán, ó yọ bàtà, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn níṣojú rẹ̀. Kò sí ibi tó là.

"Láti ìgbà òjò ni mo ti ń wọ̀ ọ́, mà."

Màmá Glory gba bàtà náà, òun náà fà á títí. "Wọlé," ló sọ níkẹyìn.

Glory kò fẹ́ wọ irú rẹ̀ mọ́. Munirah kò fi tipá mú un. Ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣe tirẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ fún un, ó sì lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù pé ó ti wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tún pẹ́ díẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́ lọ sílé-ìwé.

Nígbà tí sáà parí, yunifásítì pe àwọn oníṣòwò wá yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún Munirah pé àwọn tó nílò irú bàtà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

"Wọn ò pọ̀ lóòótọ́, sà," ló dáhùn. "Àmọ́ àwọn tó wà kò rí ibòmíràn lọ. Ẹsẹ̀ ọmọdé sì ń dàgbà, wọ́n á tún padà wá."

Ẹgbẹ́ Taoheed, àwọn olóúnjẹ, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn. Munirah kí i, ó sì jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀. Ó dùn.

Lónìí, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tí Munirah àti Caroline jọ ni. Caroline ló ń gé awọ, Abdulfatai máa ń wá rán àtẹ́lẹ̀ fún wọn, ẹsẹ̀ onígi tí bàbá Munirah gbẹ́ sì kún ara ògiri. Bàbá náà ṣì máa ń sọ ní mọ́sálááṣí pé iṣẹ́ báńkì ni ì bá dáa fún ọmọ òun. Wàhálà òwò kò tíì tán: awọ ń wọ́n sí i, iná kì í dúró, oṣù mìíràn sì wà tí oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọge kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba wá láti Ìgànmú. Ó fẹ́ ṣègbéyàwó, ó sì fẹ́ bàtà funfun onígìgísẹ̀ gíga. Ó ní gbogbo ibi tí òun dé ni wọ́n ti sọ pé kò ṣeé ṣe.

"Èmi náà ò tíì ṣe irú rẹ̀ rí," ni Munirah sọ fún un, ó sì fa àpótí kan súnmọ́ ọn. "Ẹ jókòó, ká wo ẹsẹ̀ yín."