Iná Pupa Tí Mo Ní Kí Wọ́n Yọ

Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ gílóòbù iná pupa náà nínú mọ́tò mi. Kì í ṣe ẹni tó ta mọ́tò fún mi, kì í sì í ṣe rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń wo àwòrán mọ́tò lórí fóònù láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé èmi ni wọ́n ṣẹ̀.

Ọmọ kékeré ni mí ní Láfẹ́nwá nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú mọ́tò náà. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sún mọ́lẹ̀ bí aláǹgbá, bó bá sì ń kọjá, páànù ilé wa á máa gbọ̀n. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mò ń gbé. Tíṣà ni wọ́n, àwọn ló tọ́ mi dàgbà, Màmá ni mo sì ń pè wọ́n. Bí mọ́tò yẹn bá ti ń bọ̀, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń sá sí, síbẹ̀ n ó yọjú.

Nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà tán tí owó díẹ̀ wọlé, mo rí ọ̀kan rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Alábàtà. N ò mú mẹ́káníìkì dání. Ẹ̀rù ń bà mí pé á ní kí n má rà á.

Ọ̀sẹ̀ kìíní ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti dúró díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á gbóná. Òjò rọ̀, omi kún abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo ká a sókè, irin ti dípẹtà débi pé mò ń rí ọ̀dà títì. Ìyẹn rọrùn fún mi, mo jó irin tuntun mọ́ ọn. Àfi ìgbà tí iná pupa kan tàn níwájú sítíárìn. Ọ́ìlì bíréèkì ń jò. Mẹ́káníìkì ní a kò lè rí ohun tí a máa pààrọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí n má gbé mọ́tò náà jáde títí òun á fi wá a láti Èkó.

Mo sì ti ṣèlérí fún Màmá pé èmi ni n ó gbé wọn lọ sí Ewékorò, lọ wo ọ̀rẹ́ wọn tó ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mọ́tò ni àwọn wọ̀ àbí orí àpótí ìdáná ni àwọn wà. A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí iná yẹn.

"Iná wo nìyí?"

Mo ní kò sí nǹkan kan.

"Wọn ò lè dédé tan iná síwájú dẹ́rẹ́bà. Gbé mi sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ tó bá kú ni n ó bá ọ lọ."

Ojú tì mí. Mo gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ rewáyà, mo ní kó yọ gílóòbù iná yẹn. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó ń pariwo olè lẹ fẹ́ kí n di lẹ́nu yìí o." Mo ní kó ṣe é.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá fi awò sójú, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó dáadáa.

"Ó ti kú?"

"Wọ́n ti ṣe é, mà."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n gbé ọsàn tí wọ́n ń mú lọ fún ọ̀rẹ́ wọn lé itan, a lọ.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ewékorò. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì níwájú wa dín eré kù. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi rì wọlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹrẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Màmá ń sọ ìtàn ọ̀rẹ́ wọn lọ́wọ́. Mọ́tò wa sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ pé abẹ́ tírélà yẹn la máa wọ̀, orí wa ni yóò sì ṣáájú. Mo já jíà wálẹ̀, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo yí sítíárìn sínú igbó.

"Rọra o, ọmọ mi," ni wọ́n wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí a tó kọlu òkìtì.

Itan wọn ṣẹ́. Èmi àti dẹ́rẹ́bà tírélà la jọ fà wọ́n jáde, àwọn èèyàn sì ń kí mi pé mo mọ mọ́tò wà.

Ọ̀pá ni Màmá fi ń rìn báyìí. Wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n dìde, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, èmi náà tẹríba. Gbogbo àlejò tó bá wá ni wọ́n ń sọ fún pé èmi ni mo gba ẹ̀mí àwọn là. Bí èmi àti Màmá bá rí rewáyà yẹn lójú pópó, mo máa ń mú wọn gba òdì kejì títì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Láyé ìgbà èwe mi, ojú títì ni mọ́tò ń kú sí, gbogbo àdúgbò á jọ tì í, wọ́n á sì mọ àìsàn rẹ̀. Lóde òní, àwọn tó ń tà á yóò kùn ún, wọ́n á fọ ẹ́ńjìnnì kó máa dán, wọ́n á ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré ti wà tí mẹ́káníìkì ń kì bọ inú rẹ̀ láti ka àrùn rẹ̀. Ẹ mú mẹ́káníìkì dání. Bó bá ní kí ẹ má rà á, ẹ máa lọ sílé.

Mo ti ta àjákù mọ́tò náà, mo ti san owó ilé ìwòsàn. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni gbèsè tí mo ṣì jẹ Màmá. Lánàá, wọ́n bi mí ìgbà tí n ó ra mọ́tò mìíràn, wọ́n ní ọkàn àwọn kì í balẹ̀ nínú ti ẹlòmíràn. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Láìpẹ́, mà."