Ta Ló Ń Di Irun fún Màmá Mi?

Òórùn àdín ni màá kọ́kọ́ sọ, torí òun ló gba gbogbo yàrá mi l'Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dún tí mò ń wí yìí. Tí o bá mọ àdín, epo dúdú tí wọ́n ń yọ lára ekùrọ́, o mọ̀ pé òórùn rẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn lè fi pamọ́. Ó wọ inú ìrọ̀rí mi, ó wọ ara aṣọ tí mo kọ́ sára ògiri, ó bá mi dé kíláàsì ní yunifásítì. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ ìlú òkèèrè tí kò gbọ́ Yorùbá, á kàn ṣí fèrèsé, á sì wò mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé iwájú orí mi ti ń pá, èmi tí n kò tíì lọ́kọ, tí n kò tíì parí ìwé?

Ayàwòrán kan ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ fún mi. Fọ́tò tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ káàdì ìdánimọ̀ ló fẹ́ yà, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó tún gbé e sílẹ̀. "Sísítà, ẹ fa irun yín síwájú díẹ̀," ló wí, "iwájú orí yín ń dán." Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìyẹn ló tún wá burú. Mo délé, mo mú dígí, mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Háà! Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lókè etí, irun ti sá lọ pátápátá. Awọ ara ló kù, pẹ̀lú àwọn kókó wẹ́wẹ́ funfun.

Ó yẹ kí o mọ̀ báyìí pé onídìrí ni màmá mi. Ìsàn-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, àwọn obìnrin sì máa ń gun ọ̀kadà láti Ààyè wá síbẹ̀ nítorí ọwọ́ wọn. Irun tí màmá mi bá dì, o lè sùn lé e, òjò lè pa á, o lè fi ru iṣu láti oko délé, kò ní yẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn nìyẹn. Orí tèmi sì ni pátákó ìpolówó wọn. Tí mo bá ti wálé lópin ọ̀sẹ̀, kí n tó jẹun, àárín orúnkún wọn ni màá jókòó sí. Tí wọ́n bá fi máa parí, ojú mi á ti fà sókè, mi ò ní lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Màá lo oògùn ẹ̀fọ́rí, màá dojú dé sùn fún ọjọ́ méjì. Mo rò pé bí irun ṣe ń rí fún gbogbo ayé nìyẹn.

Bí èmi ṣe rí nìyí, mi ò lè rí nǹkan kí n má tọ pinpin rẹ̀. Mo tẹ ìbéèrè sórí fóònù, mo ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, títí mo fi já sínú ẹgbẹ́ onírun kan lórí ayélujára. Obìnrin ni gbogbo wọn, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Èkìtì níbí. Wọ́n ní òfin tó pa mí lẹ́rìn-ín: o ò gbọdọ̀ sọ orúkọ, o ò gbọdọ̀ fi ojú hàn, orí nìkan. Iṣẹ́ ẹni àti ìlú ẹni ni wọ́n fi ń peni. Tíṣà Ìkọ̀lé wà níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì Ìdó wà níbẹ̀, Aránṣọ Ọ̀tùn sì ni ọ̀gá ọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kálukú á fọ orí rẹ̀, á ya fọ́tò rẹ̀, á gbé e síta.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń yọjú wò wọ́n láìsọ nǹkan kan. Orí lóríṣiríṣi! Èyí tó kún dùgbẹ̀dùgbẹ̀, èyí tó ṣẹ́ bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀, èyí tó pá láàárín. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ irun wọn bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Nọ́ọ̀sì Ìdó ní omi ìrẹsì lòun fi ń ṣan tòun. Omi ìrẹsì ké! Mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá, tí ẹni tí a jọ ń gbé á gbójú sókè wò mí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá sọ̀rọ̀, ẹ̀sùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní mò ń fi àdín pa orí láràárọ̀, irun mi túbọ̀ ń gbẹ, kí ló dé?

Aránṣọ Ọ̀tùn dá mi lóhùn. "Ṣé o kọ́kọ́ ń fi omi sí i?"

"Omi? Mò ń sá fún omi ni."

Òótọ́ ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa pé omi ń ba irun dídì jẹ́, ọ̀rá la máa ń dé sórí wọ ilé ìwẹ̀. Kí obìnrin yìí tó dákẹ́ ẹ̀rín, ó pẹ́. Ó ní gbígbẹ gan-an ni mo ń fi epo dé mọ́ inú irun lójoojúmọ́. "Fún un lómi mu ná, kí o tó fi epo ti ilẹ̀kùn." Mo gbìyànjú ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo fọwọ́ kan orí mi, mo tún fọwọ́ kàn án, torí mi ò gbà pé tèmi ni. Ó rọ̀!

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe láyà tí mo ya fọ́tò iwájú orí mi ní Sátidé kan, tí mo sì gbé e síta. Ìbẹ̀rù mú mi. Àmọ́ kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń gbé tiwọn síta kọ̀ọ̀kan: iwájú orí tó dán, ẹ̀gbẹ́ tó pá, àpá tí kẹ́míkà jó. "Ìwọ nìkan kọ́." "Wo tèmi ṣáájú kí o tó sunkún." Mo sunkún náà ṣá. Inú mi dùn, àmọ́ nígbà tí wọ́n bi mí pé ta ló ń dì í fún mi, mi ò fẹ́ fi màmá mi sẹ́nu wọn, mo parọ́. Mo ní onídìrí kan ládùúgbò ni.

Wọ́n bá mú onídìrí náà sẹ́nu. "Onítọ̀hún kò láàánú!" "Ṣé irun ló ń dì ni àbí ó ń so ewúrẹ́?" "Ọwọ́ ẹ̀ le bí irin, má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́ láé." Èmi náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un." Ọwọ́ mi yìí náà ló kọ ọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí fóònù dún. Màmá mi ni. Wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun. Wọ́n ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ti dé tán, kí n tètè wálé lọ́jọ́ Jímọ̀ kí àwọn bá mi ṣe ṣùkú tí gbogbo ìlú máa wò. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Nígbà tí wọ́n pa fóònù, ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ara mi nínú dígí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Mo ti ń fi ìwé ṣe àwáwí láti má wálé, irun wẹ́wẹ́ kan sì ti ń yọ lókè etí mi, bí ti orí ọmọ tuntun. Tí mo bá jókòó sáàárín orúnkún màmá mi lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ nìyẹn. Tí mo bá kọ̀, tí ọmọ onídìrí bá dé ìkórè láìdirun, kí ni àwọn oníbàárà fẹ́ sọ? Kí ni màmá mi fúnra wọn fẹ́ rò? Mo kọ̀wé sí Aránṣọ Ọ̀tùn lábẹ́lẹ̀, mo jẹ́wọ́: "Onídìrí tí ẹ bú yẹn, màmá mi ni."

Ó fèsì. "Háà. A ti bú ìyá oníyàá." Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tí n kò retí: "Ta ló wá ń di irun fún màmá ẹ?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn kíá. Àmọ́ mi ò mọ̀. Tá a bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè. Tí wọ́n bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, síkáàfù. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn, síkáàfù mìíràn. Èmi tí mo ti mọ orí Tíṣà Ìkọ̀lé tinú tẹ̀yìn, obìnrin tí n kò rí ojú rẹ̀ rí, mi ò rí orí ìyá tó bí mi rí. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ Jímọ̀, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Kàkà kí n máa ro ohun tí màá sọ nípa irun tèmi, ohun tó wà lábẹ́ síkáàfù yẹn ni mò ń rò.

Mo wọkọ̀ dé Ìsàn lọ́sàn-án Jímọ̀. Òòyà ti wà lọ́wọ́ màmá mi, àpótí ti wà nílẹ̀. Mo dúró.

"Jókòó ná," wọ́n ní.

Mo ṣí orí mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ibi tó pá hàn wọ́n. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ti ulé wa nìyẹn," wọ́n wí. "Báyìí gan-an ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀."

"Màmá, ta ló ń di irun fún yín?"

Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì tú síkáàfù wọn. Láti iwájú títí dé àárín orí, kò sí irun níbẹ̀. Ó ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìwọ̀nba tó kù ní ìpàkọ́, wọ́n dì í wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́, ìlà rẹ̀ wọ́. "Èmi fúnra mi ni," wọ́n wí. "Onídìrí wo ni màá gbé e fún nílùú yìí? Kí wọ́n lè máa sọ pé ẹni tó ń di irun fáráyé, orí tirẹ̀ rèé?"

Wọ́n ní ìyá wọn ló kọ́ wọn ní uṣẹ́ náà, ìyá wọn ló sì ń di tiwọn títí wọ́n fi relé ọkọ. Ọwọ́ ìyá náà le gan-an. Orí tiẹ̀ náà sì pá. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn ti gbà pé ohun ìdílé ni, bí àwọn ìdílé mìíràn ṣe ń ga.

Mo ní, "Kì í ṣe ohun ìdílé, mà. Fífà ni."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn méjèèjì. "Ṣé ọwọ́ mi ló ṣe ẹ́ báyìí?"

Mo lè parọ́ nígbà náà. Irọ́ ti mọ́ mi lára. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Inú bí wọn. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" Mo ní àwọn obìnrin kan lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan èébú, títí kan ẹ̀rín tí mo rín. Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde. Wọ́n ní kí n ka èébú náà sétígbọ̀ọ́ àwọn. Mo kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní ọwọ́ rẹ̀ le bí irin, kí n má purọ́ fún ẹ, màmá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyangàn ò kú tán lára wọn! Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú wọn.

"Àwọn tó ń bú mi yìí, ṣé irun kún orí tiwọn?"

"Púpọ̀ nínú wọn ò nírun níwájú, mà."

"Gbé e wá kí n rí i."

Bí màmá mi ṣe gba fóònù nìyẹn, tí wọ́n ń fi ìka yí i sókè, orí lẹ́yìn orí. Wọ́n ń sún mọ́ ọn, wọ́n ń sún sẹ́yìn. "Háà, ẹni yìí tilẹ̀ dé ìpàkọ́!" "Èyí, kẹ́míkà ni." "Ọmọdé mà rèé!" Wọ́n gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n da fóònù padà fún mi, wọ́n jókòó sórí àpótí tó yẹ kí èmi jókòó sí, wọ́n sì kọ orí sí fèrèsé. "Ya tèmi."

Mo yà á. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Onídìrí tí ẹ bú rèé. Màmá mi ni. Èmi ni mo parọ́." Mo gbé e síta. Aránṣọ Ọ̀tùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà." Nọ́ọ̀sì Ìdó tẹ̀ lé e, "Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ foríjì wá." Lẹ́yìn náà ló wá ń rọ́ wọlé, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìrọ́jú, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí n kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́. Mo ń kà á fún màmá mi bó ṣe ń wọlé.

Wọ́n dá mi dúró. "Láti ìgbà tí orí mi ti pá," wọ́n wí, "ẹnì kankan ò kí mi kú ìrọ́jú rí."

Ta ni ì bá kí wọn? Ta ló mọ̀?

Mo lọ sí ìkórè pẹ̀lú gèlè, mi ò dirun. Àwọn kan béèrè, màmá mi sì dá wọn lóhùn pé orí mi ń sinmi. Láti ìgbà náà, wọ́n kì í fa irun mọ́, àwọn oníbàárà kan sì ti bá tiwọn lọ, wọ́n ní ọwọ́ Ìyá Onídìrí ti rọ̀ jù. Ó dùn wọ́n, wọ́n sì ń sọ ọ́. Èmi àti Aránṣọ Ọ̀tùn di ọ̀rẹ́ gidi. Ó máa ń pe màmá mi ju èmi lọ báyìí. Irun tèmi hù padà, kò kún tó ti tẹ́lẹ̀. Ti màmá mi ò hù. Aránṣọ ti kìlọ̀ fún mi pé ó ti pẹ́ jù, mo kàn retí ni.

Mo máa ń rò ó pé ká ní mi ò bọ́ sáàárín àwọn àjèjì yẹn, bóyá ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wẹ òkú màmá mi ni ǹ bá tó rí orí wọn. Ohun tí mo rí gbà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, mi ò sì lè fi irun wé e. Níta, síkáàfù ṣì wà lórí màmá mi, mi ò sì bá wọn jà sí i. Àmọ́ tí mo bá délé lópin ọ̀sẹ̀ báyìí, tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì, wọ́n á tú u, wọ́n á jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún mi, èmi á sì máa fi omi tútù nu orí wọn.