Ìyá tó ní kí n wá òun nínú kọ̀ǹpútà

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Àwọn tí a jọ ń gbé ládùúgbò mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí kò bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ kì bá gbọ́ ọ.

Ọ́fíìsì wa wà ní Mowe, yàrá kan ṣoṣo lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìkànnì ayélujára la ń tọ́jú, èyí tí àwọn ará Mowe, Ibafo, Magboro títí dé Ifo máa ń kéde sí: ilé tó ṣófo, ìwé ẹ̀rí tó sọnù, ewúrẹ́ tó ṣìnà, èèyàn tí wọ́n ń wá. Èmi ni mò ń tẹ ìkéde wọn. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, àmọ́ n kì í ṣi orúkọ kọ.

Lọ́dún tó kọjá, ìkànnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Èèyàn á tẹ orúkọ ìlú rẹ̀, á dúró títí tí yóò fi sú u. Alájì tó ni iṣẹ́ pe Ràfíù, ẹni tó mọ inú kọ̀ǹpútà dáadáa, kó wá wò ó. Ràfíù wò ó, ó mi orí.

"Àǹtí, ẹ wo ohun tó ń ṣe. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun kan péré, gbogbo ìkéde tó wà nínú àká ló máa kọ́kọ́ dà sílẹ̀ kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣà á. Ṣé ẹni tó fẹ́ mú ṣíbí kan ní kíṣìnì ló yẹ kó kó gbogbo àwo síta?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa tún bí ìkànnì ṣe ń béèrè nǹkan ṣe: kó máa mú ogún péré wá lẹ́ẹ̀kan, kó máa gba orí orúkọ ìlú lọ tààrà, kó má sì wo ìkéde tí a bá ti pa dé rárá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pe àwọn tó ni ìkéde àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi àmì "ó ti parí" sí èyí tó bá ti parí.

"Ẹ pè wọ́n o," ó ní. "Èyí tí ẹ bá ti pa dé, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Àfi bíi pé kò sí láyé."

Ọjọ́ méjì ni mo fi pè wọ́n. Àwọn kan gbé fóònù, àwọn kan ò gbé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nínú iṣẹ́ wa, a mọ̀ pé ẹni tó bá ti rí ohun tó ń wá kì í padà wá sọ fún wa. Ayọ̀ á ti gbà á lọ́kàn. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo ní ẹni tó bá ti dákẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, ó ti rí i nìyẹn. Mo fi àmì sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé, ìwé ẹ̀rí, ewúrẹ́, èèyàn. N kò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìkànnì wá yá bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú. Alájì yìn mí. Mo gba ìyìn náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Alájì ti lọ kírun. Òjò ń rọ̀, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ariwo ọkọ̀ ní títì. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá àgbàlagbà kan lórí àga àlejò.

N kò gbọ́ ìlẹ̀kùn. Ẹ gbà mí gbọ́, ìlẹ̀kùn yẹn kì í ṣí kó má ké. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà.

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán, Mà. Ẹ kú òjò."

Ìborùn funfun ni wọ́n dà borí. Eruku pupa bo ẹsẹ̀ wọn dé ọrùn ẹsẹ̀. Eruku gbígbẹ, nínú òjò yẹn.

"Ẹ bá mi wá ara mi níbẹ̀." Ohùn wọn rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ́tí.

"Kí lorúkọ yín, Mà?"

"Sàláwátù. Ará Ifo."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kíá ni ìdáhùn jáde: kò sí nǹkan kan.

"Kò sí níbí, Mà."

"Mo wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Wọn ò bínú. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní. "Ta ló ní wọ́n ti rí mi?"

Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà, mo ṣí ibi tí àwọn ìkéde tí mo ti pa dé wà. Orúkọ náà nìyí. Àwòrán náà nìyí, ìborùn funfun, ojú kan náà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Wọ́n máa ń gbàgbé ọ̀nà. Wọ́n jáde nílé ní Ifo, wọn ò padà.

Nígbà tí mo yíjú padà, àga ti ṣófo. N kò rí eruku kankan nílẹ̀.

Mo yọ àmì náà kúrò. Mo pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìkéde. Ọmọ wọn obìnrin ló gbé e. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Ẹ ti rí wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí ìyá mi?"

Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí ìkéde náà ṣì wà ni.

"Ẹ fi í síbẹ̀ o, Mà. Ṣebí ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò tó wákàtí kan tí fóònù ọ́fíìsì dún. Aránṣọ kan ni, ní Magboro, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìkéde náà.

"Mama yìí! Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n jókòó sí ní bí oṣù kan sẹ́yìn. Mo wo ìkànnì yín lọ́jọ́ náà. Mo wo Ifo, mo wo Magboro, òfo ni. Mo fún wọn ní tíì àti búrẹ́dì. Wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Kí ni mo máa ṣe? Mo fọ̀nà hàn wọ́n."

Oṣù kan sẹ́yìn. Nígbà yẹn, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo pa ìkéde wọn dé.

Mo pe ọmọ wọn, ó lọ sí Magboro. Ó béèrè lọ títí dé Ibafo. Kò sẹ́ni tó rí wọn.

Nígbà tí Ràfíù wá lọ́jọ́ Ajé, mo bi í bí ẹni ń ṣeré bóyá èèyàn lè mọ ohun tí wọ́n ti wá lórí ìkànnì wa. Ó ṣí ibì kan.

"Àǹtí, ta ló ń wá Sàláwátù láràárọ̀? Orí kọ̀ǹpútà yín yìí ló ti ń wá."

"Aago mélòó?"

"Mẹ́fà. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Ó ní àṣìṣe ní láti wà nínú iṣẹ́ òun, òun á tún un ṣe.

Kò tíì tún un ṣe. Mo béèrè ọjọ́ náà gan-an lọ́wọ́ aránṣọ, mo sì kà á fúnra mi. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí aránṣọ yẹn fọ̀nà hàn wọ́n ni ìbéèrè àkọ́kọ́ wọlé. Ìkéde wọn ti padà síbẹ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni lè rí i, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń béèrè.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ wọn gbé ọsàn wá fún mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì rántí ìyá mi. Ọlọ́run ò ní gbàgbé ẹ̀yin náà." Mo gba ọsàn náà.

Ẹ̀yin tí orúkọ èèyàn wà lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "ó ti parí" sórí ẹni tí ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ọ́, tí àlejò kan wá jókòó níwájú yín láìṣí ìlẹ̀kùn, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó yíjú.

Èmi yíjú.