Ọjọ́ Tí Máfipáṣe Pààrọ̀ Bẹ́líìtì

Máfipáṣe ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹ́káníìkì tó ti fẹ̀yìn tì yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀: bí irin bá kọ̀, má fipá ṣe é. Kí n má parọ́ fún yín, alágídí ni bàbá náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń rò ó pé bí obìnrin náà bá mọ̀, yóò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ òun, òun á wá di ẹrù tí wọ́n ń gbé kiri.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò àtijọ́ wọn lẹ́yìnkùlé, ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn, ìyẹn rọ́bà eléyín tó ń mú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì àti òkè rẹ̀ yí pọ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wíìlì òkè àti tìsàlẹ̀, ó tú bẹ́líìtì tó ti gbó, ó fi tuntun bọ̀ ọ́. Àmọ́ nígbà tó yẹ kó wò ó bóyá àwọn àmì náà ṣì wà ní dọ́gbadọ́gba, bí ẹni ń wo inú èéfín ló rí.

Ó fi sípánà rọra yí ẹ́ńjìnnì kó tó ṣíná sí i, bó ṣe máa ń ṣe. Kò yí dé ìdajì tí irin fi kọ lu irin. Bẹ́líìtì ti fi eyín kan yẹ̀ kúrò lójú àmì. Bó bá tì í sí i, fáàfù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ́ńjìnnì, á tẹ̀, mọ́tò parí nìyẹn. Ó tún un ṣe, ó tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jókòó sórí àpótí, ó sì ń sunkún.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, jáde wá láti kíṣìnnì, ó dúró tì í.

“Ìyá wọn,” ni bàbá wí, “ojú mi ò ríran mọ́.”

“Mo mọ̀, bàbá wọn. Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti kí kóòtù oníbàárà mi tó wà lórí ìkọ́ káàárọ̀ ni mo ti mọ̀.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá láìròtẹ́lẹ̀. Ìyàwó tẹ orí ba inú ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ojú tó fi ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́, ó ní kí bàbá fa bẹ́líìtì sẹ́yìn ní eyín kan, kó dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyàwó fi kọ́kọ́rọ́ ṣíná sí i, mọ́tò dún geere.

Bàbá na ọwọ́, ìyàwó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Ó dì í mú pẹ́ títí. Níkẹyìn, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì béèrè ẹni tí yóò kọ́ obìnrin náà ní mọ́tò wíwà lọ́jọ́ ogbó.

Obìnrin náà wọlé, ó mú láísẹ́ǹsì rẹ̀ wá. Ó ti gbà á láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọmọ wọn ló kọ́ ọ, láwọn ọjọ́ tí ìyá ń sọ pé òun lọ ra òwú.

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Mo ń dúró dè yín ni.”

Bàbá fọwọ́ wá ilẹ̀kùn mọ́tò níhà kejì sí ti awakọ̀, ó wọnú rẹ̀, ó jókòó.