Ọwọ́ Méjì Lábẹ́ Fóònù

Òórùn gaàrí tí wọ́n ń yan ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní agboolé wa ní Igangan, kí ènìyàn tó rí ilé náà rárá. Ó kan díẹ̀, èéfín igi wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bí mo bá ti ìsinmi dé tí mo ṣí àpótí mi nínú yàrá, òórùn náà á jáde, ojú á sì máa tì mí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ tí a jọ lo ìgbà náà yóò mọ irú ìtìjú òmùgọ̀ tí mò ń sọ. Lónìí, ǹ bá sanwó kí n lè máa gbóòórùn rẹ̀ nínú ilé mi ní Ìbàdàn.

Àbúrò mi ọkùnrin ni ó ń gbé agboolé náà. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Nígbà tí bàbá wa rí i pé agbára òun kò ká ju ọmọ kan lọ nílé ìwé, èmi ni ó mú; àbúrò mi gba àdá, ó sì wọ oko iṣu. Kò fi sùn mí rí. Ohun tí ó wá dé sáàárín wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Nígbà tí bàbá wa kú, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba ní Òkè Ọya. Mo fi owó ìsìnkú rán awakọ̀ kan, owó náà pọ̀, mo sì rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi. N kò lọ. Àbúrò mi nìkan ló dúró lẹ́bàá sàréè. Láti ìgbà náà ni kò ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. À ń kí ara wa lórí fóònù, à ń ṣàdúrà fún ara wa, ìkíni náà á sì parí síbẹ̀, bíi ti àwọn aládùúgbò.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Èrúwà pè mí. Ó ní ojú bàbá òun ti ń ṣú. Dókítà ti sọ pé nǹkan kan ló bo ẹyinjú rẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ lè ṣí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó pẹ́. Ọkùnrin náà ti fi ọkọ́ gé ìtàkùn iṣu ara rẹ̀, ó rò pé koríko ni. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fi owó iṣẹ́ abẹ náà ránṣẹ́ láti orí fóònù mi. Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti padà sọ́dọ̀ mi. Mo tún fi ránṣẹ́, ó tún padà. Ọmọ náà ni bàbá rẹ̀ ń ní kó dá a padà, ó sì ń sunkún bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí ó rán an sí mi ni pé òun kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí òun kò rí.

Ọmọ yẹn ló wá rántí nǹkan tuntun kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò ní Èrúwà. Ènìyàn kì í tẹ nọ́ńbà àkáǹtì kankan. Wọn á gbé fóònù kan sún mọ́ èkejì, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, yóò dún, owó á sì ti kọjá. Ó ti gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sì ní òun á ṣètò tèmi. “Ṣùgbọ́n, Bàbá Ìbàdàn,” ni ó wí, “kò ṣeé ṣe láti òkèèrè o. Ẹ gbọ́dọ̀ wá fúnra yín.” Nígbà náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ fóònù nìkan ló ń sọ.

Mo wọkọ̀ dé Èrúwà, mo mú ọmọ náà dání, a gba Igbó-Ọrà kọjá, ìdí sì ti kú mọ́ mi lára kí òórùn gaàrí tó pàdé wa. Àbúrò mi jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti hewú ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí ó gbọ́ ohùn mi, ó yíjú síbi tí mo wà, ojú rẹ̀ kò sì bá tèmi pàdé.

“Ẹ káàbọ̀, sà,” ni ó wí.

Sà yẹn dùn mí dé egungun. Ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí a bá wá. Àbúrò mi ń fọwọ́ pa etí ẹní, lẹ́yìn náà ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀, bóyá èmi gan-an ni mo wá, àbí mo rán ẹlòmíì. Ọmọ náà ní èmi gan-an ni. Bàbá rẹ̀ wá ní kí wọ́n gbé fóònù òun wá.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó gbé fóònù sáàárín wọn, bí a ṣe máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mo na tèmi sí i láti òkè, lórí àga tí wọ́n gbé fún mi. Fóònù kò dún, nítorí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bo ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwa àgbà yìí máa kí fóònù títí iná á fi tán nínú rẹ̀. Ó ní kí bàbá òun dìde, kó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e dúró.

“Ọwọ́ kan? Kí n dúró gbagidi, kí n na ọwọ́ kan sí ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èrúwà nìyẹn?”

“Bàbá, fóònù ò mọ ẹ̀gbọ́n.”

“Èmi mọ̀ ọ́n,” ni ó wí.

Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti gbọ́ “ẹ̀gbọ́n mi” lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn! Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, orúnkún mi ń dún, mo jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀. Mo ní kó fi ìka di etí fóònù tirẹ̀ mú. Mo wá tẹ́ ọwọ́ tèmi méjèèjì sísàlẹ̀, mo dojú fóònù mi délẹ̀ sínú wọn, mo sì rọra gbé e sókè sí abẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀, ó fẹ́ fa tirẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé kò yẹ. Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Fóònù dún. Ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi kò béèrè iye tó wọlé. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá ọwọ́ mi rí, ó sì ń fọwọ́ ká àwọn ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ oríkèé wọn.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “ọwọ́ yín ti di ọwọ́ Bàbá.”

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ojú rẹ̀ sì ti là. Ó ti ń dá oko rẹ̀ ro, ó sì tún ti ń bú àwọn tí kò mọ ebè kọ. Ọmọ rẹ̀ máa ń sọ fáwọn ènìyàn pé fóònù ló parí ìjà àwọn bàbá òun. N kò bá a jiyàn. Títí di òní, bí mo bá fi owó ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, àbúrò mi á dá a padà, á ní kí n gbé e wá. Ọ̀nà náà jìn fún ẹni ọjọ́ orí mi, ṣùgbọ́n mò ń lọ. Á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí tirẹ̀ mú, èmi á sì gbé tèmi sísàlẹ̀, níbi tó yẹ kí ọwọ́ mi ti wà láti ọjọ́ tí ó ti gba àdá kí n lè gba ìwé.