Ọkùnrin Tó Tẹ̀lé Ọkọ̀ Lẹ́tà Mi

Lẹ́tà ni mò ń pín ní Loganville, ní Amẹ́ríkà, nígbà yẹn. Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ìwé ìdìbò máa ń pọ̀ nínú ẹrù wa, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dìbò nílé, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ọ̀gá mi, Yorùbá bíi tèmi, ti kìlọ̀ pé ẹyọ kan ò gbọ́dọ̀ sùn sójú ọ̀nà. Aunty ni mò ń pè é bí kò bá sí òyìnbó nítòsí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i pé ọkọ̀ dúdú kan ń tẹ̀ lé mi. Mo dúró, ó dúró. Mo yà, ó yà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti kó lẹ́tà táwọn èèyàn jù sínú àpótí ńlá tó wà lẹ́bàá títì, awakọ̀ náà na fóònù sí mi, ó ń ya fídíò.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ní ìbọn. Mo tún rò ó pé bí ìwé kan bá bọ́ lọ́wọ́ mi, á gbé e sórí ayélujára pé mò ń jí ìbò. Mo sá wọnú ọkọ̀, mo tilẹ̀kùn, mo pe ọ̀gá mi. Ó ní kí n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì kíá.

"Aunty, àpótí yẹn ńkọ́? Ìwé ìdìbò wà nínú ẹ̀."

Ó ní, "Má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀."

Kí ó tó dé, ọkùnrin náà wá kan gíláàsì mi, ó ń bi mí pé ibo ni mò ń kó ìbò lọ. Mo kàn ń gbàdúrà nínú.

Aunty dé, ó bọ́ sáàárín wa. Ó kí i pẹ̀lẹ́, ó ní kó sún sẹ́yìn. Ọkùnrin náà sún, àmọ́ kò pa fóònù. Aunty di àpò mú, mo ṣí àpótí náà, mo kó gbogbo ìwé inú rẹ̀ sínú àpò, ó sì wakọ̀ tẹ̀ lé mi dé ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ kejì, Aunty ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá lọ kó lẹ́tà inú àpótí mọ́ títí ìdìbò á fi parí. Èèyàn méjì ni yóò máa lọ. Àwọn ọ̀gá tó wà lókè gbà. Ọkọ mi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi mí sínú ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mo sì wà títí dòní.